Ẹja Yíyan Nínú Ọkọ̀ Ojú Irin

Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ ojú irin rí nílé wa kì í ru oúnjẹ dání. Kí lo fẹ́ ru oúnjẹ fún? Bí ọkọ̀ bá ti ń wọ ibùdó, kó tó dúró tán, oúnjẹ á ti bá ọ lójú fèrèsé: ẹyin sísè, ọsàn bíbó, ẹ̀pà, búrẹ́dì, àti ẹran ìgbẹ́ kan tí ìwọ náà mọ̀ pé kò yẹ kí o béèrè orúkọ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi wọ ọkọ̀ ojú irin kan ní àríwá Ìlú Ọba, nínú yìnyín, tí mi ò ra nǹkan kan dání. Kúlà ẹja yíyan kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ mi. Ìyá mi ló fi rán mi, kì í sì í ṣe tèmi.

Kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́, kí ẹ lè mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ká mi lára tó bẹ́ẹ̀. Wáàfù Àpápá ni mo ti ń jẹun. Èmi ni mo máa ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù wọn jáde lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù. Láàárọ̀, màá bá àwọn awakọ̀ tírélà pariwo. Lọ́sàn-án, màá bá àwọn akọ̀wé pariwo. Nígbà tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ohùn mi á ti há. Sùúrù mi ò gùn, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹrù tí wọ́n bá ti fi sí ìkáwọ́ mi, kò sí ẹni tó lè yọ ẹyọ kan kúrò nínú rẹ̀. Ohun tí mo fi ń yangàn nìyẹn kó tó di ọjọ́ tí mò ń wí yìí.

Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí wa sí, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin. Àwa méjì náà ni ìyá wa bí. Iṣẹ́ rélùwéè ni bàbá wa ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìntì. Níbi tí irin gbé dábùú títì ní Àpápá, tí ọkọ̀ ojú irin akẹ́rù ti ń kọjá lọ sí wáàfù, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń dúró sí pẹ̀lú àsíá méjì, pupa kan, aláwọ̀ ewé kan. Bí ọkọ̀ ojú irin bá ń bọ̀, wọ́n á na àsíá pupa sí àwọn onímọ́tò. Bí ọkọ̀ bá ti kọjá, wọ́n á ká àsíá náà, wọ́n á fi há abíyá, bí àgbà tó fi Bíbélì há abíyá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọ̀gá ńlá tó ń gbé ní GRA, tí awakọ̀ ń gbé kiri, bí bàbá mi bá ti na àsíá, wọ́n á dúró. Inú àbúrò mi máa ń dùn sí èyí ju ohunkóhun lọ láyé. Bó bá dé láti iléèwé, á mú aṣọ ìnujú, á lọ dúró sí kọ́ríídọ̀, á ní kí ayálégbé kankan má kọjá.

Ìgbà tí àbúrò mi yìí dàgbà tán, ó wá iṣẹ́ lọ sí Ìlú Ọba. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì jáde nígbà tí bàbá wa kú. Bó bá kúrò níbẹ̀, kò ní lè padà wọlé, nítorí náà ó jókòó sí yàrá, ó ń wo bí a ṣe ń sin bàbá rẹ̀ lójú fóònù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ń já. Nígbà tí ìwé náà wá jáde, a rò pé á sáré wálé. Kò wá. Ọdún yípo, kò wá. Bí a bá bi í, á ní iṣẹ́ ni. Ọjọ́ kan ló wá sọ òótọ́ fún mi lórí fóònù. Ó ní, “Àǹtí mi, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí ò sí níbẹ̀ láti da eèpẹ̀ sí sàréè wọn. Ojú wo ni màá fi wọlé?” Mo bú u dáadáa lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n èébú ò gbé èèyàn wọ bàálù.

Màmá ti ń dàgbà. Wọn ò ṣàìsàn, ṣùgbọ́n ó ti sú wọn láti máa bá dígí sọ̀rọ̀. Dígí ni wọ́n ń pe fóònù. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé iléeṣẹ́ wa fẹ́ rán mi lọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà díẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, wọn ò tilẹ̀ béèrè ohun tí mo fẹ́ lọ kọ́.

“Bá mi mú un wálé,” ni wọ́n wí.

“Màmá, ṣé ẹrù ni?”

“Ṣé kì í ṣe iṣẹ́ ẹ nìyẹn?”

Nígbà tó ku ọ̀la kí n gbéra, màmá jí lọ sí Marine Beach ní ìdájí, wọ́n lọ dúró de àwọn apẹja. Ọ̀bọ̀kún ńlá kan ni wọ́n rà bọ̀, èyí tí ìrù rẹ̀ yọ lẹ́nu báàgì. Wọ́n yan án lẹ́yìnkùlé. Èéfín gba gbogbo kọ́ríídọ̀, àwọn ayálégbé ń wúkọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ráhùn, nítorí wọ́n rò pé á kan àwọn. Kò kàn wọ́n. Màmá gé ẹja náà, wọ́n fi ata díndín bò ó mọ́lẹ̀ nínú kúlà kékeré, wọ́n fi ọ̀rá wé kúlà, wọ́n tún fi okùn dì í. Wọ́n ní, “Ti àbúrò ẹ ni. O ò gbọdọ̀ ṣí i. Bó bá jẹ ẹ́, á rántí ilé.”

Ó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa orí ẹja nílé wa. Bàbá ló ni í. Bó ti wù kí ẹja kéré tó, inú àwo bàbá ni orí rẹ̀ ń lọ. Wọ́n sì mọ orí ẹja jẹ: wọ́n á tú u léegun léegun, wọ́n á fa gbogbo rẹ̀ mu, wọ́n á wá to eegun sí etí àwo bí ẹni ń to bíríkì. Láti ìgbà tí wọ́n ti kú, kò sẹ́ni tó ń jẹ orí ẹja nílé mọ́. Kò sẹ́ni tó ṣòfin rẹ̀. Màmá máa ń bù ú sínú àwo, á sì wà níbẹ̀ títí a ó fi gbé e fún ológbò. Àwọn ológbò àdúgbò wa sanra.

Ní pápákọ̀ òfurufú Lọ́ńdọ̀nù, òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù kan ní kí ni mo gbé. Mo ní ẹja ni. Ó gbóòórùn rẹ̀ láti ibi tó dúró sí, ó ní kí n máa lọ. Mo gbé kúlà sínú fíríìjì òtẹ́ẹ̀lì, gbogbo yàrá ń ta sánsán bí ẹ̀yìnkùlé wa, mo sì sùn dáadáa nínú òórùn náà. Nígbà tí ọjọ́ Sátidé máa fi pé, ohun tí wọ́n ń kọ́ wa ti sú mi, yìnyín sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í já. Àbúrò mi ti júwe ọ̀nà fún mi. Ó ní kí n wọ ọkọ̀ ojú irin ńlá lọ sí ìlú kan lápá òkè, pé bí mo bá dé ibẹ̀, kí n má wọ táàsì. Ó ní, “Ọkọ̀ ojú irin àtijọ́ kan wà níbẹ̀ tó ń wọ inú oko lọ. Òun ni kí ẹ wọ̀, Àǹtí mi. Màá dúró dè yín níbi tó máa ń parí sí.” Mo bi í pé kí ló kan òun kan ọkọ̀ àtijọ́. Ó kàn rẹ́rìn-ín.

Mo bá ọkọ̀ náà nínú yìnyín, dúdú kirikiri, ó ń mí bíi màlúù tó ti rìn jìnnà. Èédú ni wọ́n ń kó sí i nínú, èéfín funfun sì ń tú jáde lábẹ́ rẹ̀. Irú rẹ̀ ti kúrò lójú irin ní Àpápá kí n tó gbọ́njú; bàbá mi nìkan ló máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún wa, tí wọ́n á sì máa fi ẹnu dún bí i títí màmá á fi ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn gbádùn. Wọ́n sọ fún mi níbẹ̀ pé àwọn àgbà tó ti fẹ̀yìntì ló ń wa ọkọ̀ yìí, pé wọn ò gba kọ́bọ̀, wọn ò kàn fẹ́ kó kú ni. Inú kọ́ọ̀ṣì, igi ni gbogbo rẹ̀, wọ́n kùn ún tó ń dán, àga rẹ̀ tìmùtìmù, fèrèsé rẹ̀ sì ní okùn awọ tí a fi ń fà á wálẹ̀. Mo fọwọ́ kan gbogbo rẹ̀. Bí bàbá mi bá wà láyé, wọn ì bá fẹnu dún títí a ó fi dé.

Nígbà tó gbéra, mo gbàgbé pé òtútù ń mú mi. Oko lọ́tùn-ún, oko lósì, gbogbo rẹ̀ funfun. Àwọn àgùntàn dúró nínú oko, àwọn àti ilẹ̀ jọra, àfi ojú wọn tó dúdú. Kò sí ewé lórí igi kankan. A ó rí ilé kan, èéfín á máa jáde lórí òrùlé rẹ̀, a ò sì ní rí òmíràn mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Èmi ò rí ibi tí kò sí èèyàn rí. Ní Ajégúnlẹ̀, bí o bá na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ara aládùúgbò lo máa fọwọ́ kàn. Èmi tí ariwo ń bọ́, mo jókòó, mò ń gbọ́ bí irin ṣe ń ró lábẹ́ wa, mo wá rí i pé mò ń rẹ́rìn-ín, èmi nìkan.

Ẹni tó jókòó kọjú sí mi ni obìnrin òyìnbó kan tó dé fìlà òwú pupa, a jọ lè jẹ́ ẹgbẹ́. A kí ara wa, ó padà sí ìwé tó ń kà. Nígbà tí ọkọ̀ dúró ní ibùdó àkọ́kọ́, mo fa fèrèsé wálẹ̀, mo yọ orí síta, mo ti múra láti ra ẹyin sísè. Mi ò rí ẹnikẹ́ni. Pátákó tí wọ́n kọ orúkọ ìlú sí ló wà níbẹ̀, àti bẹ́ǹṣì kan tí yìnyín jókòó lé. Atẹ́gùn gbá yìnyín bò mí lójú. Obìnrin onífìlà pupa bi mí pé ṣé kò sí nǹkan. Mo ní mò ń wá àwọn tó ń ta ẹyin. Ó wò mí dáadáa, ó ní kò sí irú wọn lójú ọ̀nà yìí. Mi ò gbà á gbọ́. Ní ibùdó kejì, mo tún fa fèrèsé wálẹ̀, bóyá wọ́n máa ń tètè jí níbẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Mo wo kúlà, kúlà wò mí. Mo sọ fún ara mi pé ẹni tó gbé ẹrù láti Ajégúnlẹ̀ dé ibí yẹ kó rí ẹyọ kan fi panu. Àwa ará wáàfù, a mọ bí a ṣe ń bá ara wa ro irú àròjinlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo tú okùn, mo tú ọ̀rá, mo ṣí ìdérí. Òórùn ẹja yíyan àti ata jáde bí ẹni tó ti ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn tipẹ́. Tọkọtaya kan tó jókòó ní ìpẹ̀kun kọ́ọ̀ṣì gbé orí sókè.

Ibẹ̀ ni mo ti wá ṣe àṣìṣe. Mo mú ẹyọ kan, mo fẹ́ fi sẹ́nu, ojú èmi àti obìnrin onífìlà pupa ṣe mẹ́rin. Wọ́n kọ́ mi dáadáa nílé, kò sí bí mo ṣe lè jẹun lójú èèyàn kí n má pè é. Ẹnu mi ti sọ ọ́ kí n tó rò ó. Mo ní kó wá bá mi jẹun.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí mọ̀ ọ́n. “Ẹ wá jẹun” kì í ṣe ìpè, ìkíni ni. Ẹni tí a bá sọ ọ́ fún mọ ohun tó yẹ kó fi dáhùn: “Á gba ibi ire.” Á máa bá tiẹ̀ lọ, ìwọ náà á máa bá tìẹ lọ, kò sẹ́ni tó ṣẹ ẹnì kejì. Ilé tí yàrá kọjú sí yàrá ni mo ti dàgbà, mo sì ti sọ ọ́ fún ayálégbé tí mi ò lè ka iye wọn. Kò sí àgbàlagbà kan tó dìde rí. Obìnrin yìí bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ó dìde, ó wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní mo mà ṣeun o, pé òun ò rí ẹni tó ṣe òun lóore báyìí rí nínú ọkọ̀.

Kí ni mo fẹ́ sọ? Ṣé kí n ní mi ò sọ ọ́ tọkàntọkàn ni? Mo gbé kúlà sáàárín wa.

Mo kọ́kọ́ gbójú lé ata. Ata màmá kì í ṣe ti àlejò. Bó ṣe fi àkọ́kọ́ sẹ́nu, ojú rẹ̀ pọ́n bíi fìlà rẹ̀. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó bọ́ kóòtù, ó bọ́ súẹ́tà, mo sì ń sọ lọ́kàn mi pé ó parí nìyẹn. Ó fi tíṣù nu imú, ó ní ó dùn, ó mú òmíràn. Ata já mi kulẹ̀.

Ìgbà náà ni ọkọ̀ dúró lójijì láàárín oko. Bàbá tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò, àgbàlagbà onírùngbọ̀n funfun kan, wọlé wá sọ fún wa pé yìnyín ti bo irin níwájú, pé àwọn fẹ́ fi ṣọ́bìrì wà á kúrò, kí a fara balẹ̀. À ń wo àwọn àgbà náà lójú fèrèsé bí wọ́n ṣe ń wa yìnyín, tí wọ́n ń bá ara wọn ṣàwàdà bí ọmọdé. Nígbà tí bàbá náà máa fi padà wọlé, ètè wọn ti ń gbọ̀n, wọn ò lè ká ọwọ́ kò. Èmi kọ́ ni mo pè wọ́n. Obìnrin onífìlà pupa ló pè wọ́n, ó ti di onílé. Ó ní kí wọ́n wá jẹ ẹja, pé á mú ara wọn gbóná. Èmi tí wọ́n fi ẹja rán, mo jókòó, mò ń rẹ́rìn-ín músẹ́, mò ń ka ẹyọ tó kù.

Bàbá náà jẹ ẹyọ kan. Wọ́n ní àwọn ti ń mọ ẹsẹ̀ àwọn lára padà. Wọ́n bẹ̀ mí, wọ́n mú méjì lọ fún ẹni tó ń wa ọkọ̀ àti ẹni tó ń kó èédú. Tọkọtaya ìpẹ̀kun kọ́ọ̀ṣì náà dìde wá, wọ́n gbé fúláàsìkì tíì àti bisikíìtì dání, wọ́n ní àwọn ò lè wá lọ́wọ́ òfìfo. Ooru ara wa bo gbogbo fèrèsé. Wọ́n ń bi mí ní ìbéèrè, mò ń dáhùn, mo sọ fún wọn nípa bàbá mi àti àsíá wọn, bàbá onítíkẹ́ẹ̀tì sì ní kí n tún un sọ. Mi ò ní purọ́, mo gbádùn ara mi. Wọ́n wá bi mí pé ta ló yan ẹja yìí. Mo ní ìyá mi ni. Ta ni mò ń gbé e lọ fún? Mo ní àbúrò mi ni, tí ìyá mi ò rí sójú láti ọdún mélòó kan wá. Gbogbo wọn dẹ́kun jíjẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, ẹja ti tán.

Ohun tí màmá ní kí n fi mú ọmọ wọn wálé ti wà nínú ikùn àwọn tí mi ò mọ orúkọ wọn. Èmi tí ẹrù kì í dín lọ́wọ́ mi! Mo mú tíṣù, mo fẹ́ nu inú kúlà kó má baà rí bí àwo tí wọ́n lá, ni ọwọ́ mi bá kan ọ̀rá dúdú kan nísàlẹ̀, lábẹ́ ata. Mo tú u. Orí ọ̀bọ̀kún náà ni, odindi, ó la ojú, ó ń wò mí. Màmá ò sọ fún mi pé àwọn fi síbẹ̀. Obìnrin onífìlà pupa rí i, ó sún sẹ́yìn díẹ̀, ó ní òun ti yó, òun dúpẹ́. Bàbá onítíkẹ́ẹ̀tì ní àwọn náà ti yó. Láti àárọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni máa yó.

Mo wé e padà, mo gbé e lé itan. Ọ̀rọ̀ náà wá yé mi bí ọkọ̀ ṣe tún gbéra. Ẹja lásán kọ́ ni màmá fi ránṣẹ́. Èyí tó jẹ́ ti bàbá, tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò tó fọwọ́ kàn, òun ni wọ́n gbé sí ìsàlẹ̀ pátápátá, kó lè jẹ́ pé lẹ́yìn tí àbúrò mi bá jẹun tán ló máa kàn án. Mo sunkún díẹ̀. Àwọn tó kù rò pé ata ni, wọ́n fún mi ní tíì.

Nígbà tí a fẹ́ wọ ibùdó tó kẹ́yìn, mo tún yọ orí síta, kì í ṣe torí ẹyin. Ọkùnrin dúdú kan dúró lẹ́bàá irin nínú yìnyín, ó wọ kóòtù gígùn, ó na àsíá aláwọ̀ ewé sí ọkọ̀. Bí ọkọ̀ ṣe dúró, ó ká àsíá náà, ó fi há abíyá. Kò sẹ́ni tó nílò láti sọ fún mi ẹni tó jẹ́. Ibi ìkẹ́rùsí kan ló ti ń ṣiṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀. Bó bá di ọjọ́ Sátidé, á wá bá àwọn àgbà yẹn na àsíá. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nílé rí.

“Àǹtí mi, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ mà pẹ́ o. I don nearly freeze for here.”

“O fi àsíá há abíyá,” ni mo wí.

Ó wo abíyá rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀. “Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ṣe é,” ló fi dáhùn, ó sì dì mọ́ mi. Ó ti ga jù mí lọ tipẹ́, ṣùgbọ́n mo ti gbàgbé.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa òórùn símú. “Kí ni mọ́mì fi ránṣẹ́? Ara yín ń run ẹja.”

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ẹyin sísè títí dé orí tíì.

“Ẹ ní kí òyìnbó wá jẹun?”

“Ẹnu mi ló sọ ọ́.”

“Àǹtí, dem no sabi that one o. Tí ẹ bá ní kí wọ́n wá, they go come.” Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì, nínú yìnyín. Obìnrin onífìlà pupa ń kọjá lọ, ó dúró bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ṣe àwọn lálejò. Àbúrò mi tún da ẹ̀rín sílẹ̀.

Mo gbé ọ̀rá dúdú náà lé e lọ́wọ́. Mo ní, “Èyí nìkan ló kù.”

Ó tú u. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

“Ti dádì nìyí,” ló wí.

“Tìẹ ni. Mọ́mì ló fi síbẹ̀, wọn ò sọ fún mi.”

“Àǹtí mi, mi ò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n...”

“Mọ́mì mọ̀ pé o ò sí níbẹ̀. Ṣé wọ́n gbàgbé ni? Wọ́n mọ̀, wọ́n ṣì fi ránṣẹ́.” Ohùn wáàfù ni mo fi sọ̀rọ̀, torí mo mọ̀ pé bí mo bá fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́, àwa méjèèjì la máa sunkún. “Jẹ ẹja, jàre.”

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́. Ó tú u léegun léegun, ó ń fà á mu. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, mi ò sì lè sọ èyí tó jẹ́ ti ata nínú rẹ̀. Nígbà tó fi máa ṣe tán, ó ti to eegun náà lẹ́sẹẹsẹ sórí yìnyín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ó ti ń bọ̀ wálé, bóyá òun náà ò tíì mọ̀.

A pe màmá lórí dígí. Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú, mo yáa jẹ́wọ́ kí wọ́n tó bi mí: ẹja ti tán lójú ọ̀nà, àlejò ló jẹ ẹ́.

“Ṣé ata yẹn ò pọ̀ jù fún wọn?”

“Ó pọ̀ jù, mà.”

“Orí rẹ̀ ńkọ́?”

Mo yí fóònù sí àbúrò mi. “Mo ti jẹ ẹ́, mà,” ló wí.

“Gbogbo ẹ̀?”

“Gbogbo ẹ̀, mà.”

“Ó dáa. Orí lo jẹ níbẹ̀ yẹn. Ara wà nílé. Wá jẹ ẹ́.” Wọ́n pa fóònù. Màmá kì í pẹ́ lórí dígí.

Àbúrò mi mú fóònù náà lọ́wọ́, ó ń wò ó bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ṣì kù nínú rẹ̀. Ó wá bi mí pé, “Ọjọ́ wo lẹ ń padà?” Mo sọ fún un. Ó ní òun á bá ọ̀gá òun sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́ tí wọ́n rán mi wá kọ́, a jọ padà ni. Nínú bàálù, wọ́n gbé oúnjẹ wá, mo rí i tó yíjú sí òyìnbó tó jókòó tì í, tó la ẹnu. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó sọ ọ́.

Ìrọ̀lẹ́ la wọ Ajégúnlẹ̀. Àwọn tírélà tò lọ sí wáàfù bí wọ́n ṣe máa ń tò, àwọn ológbò jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní kọ́ríídọ̀, níbi tó ti máa ń fi aṣọ ìnujú dá àwọn ayálégbé dúró. Màmá fọwọ́ pa á lórí, wọ́n ní ó ti rù, wọ́n ní ilẹ̀ bá ti mọ́ kí n mú un lọ rí sàréè bàbá rẹ̀, wọ́n ní kó lọ fọwọ́. Kò sí ẹnikẹ́ni tó bi í pé ojú wo ló fi wọlé.

Wọ́n gbé àwo wá síwájú rẹ̀, wọ́n ṣí i: ọ̀bọ̀kún yíyan, orí àti ara. Ó wò ó, ó wò mí, ó wo màmá.

“Ẹ wá jẹun,” ló wí.

Màmá nu ọwọ́ wọn sí ìró. “Á gba ibi ire, ọmọ mi.” Wọ́n fa àpótí, wọ́n jókòó, wọ́n ń wo bó ṣe ń jẹun. Ológbò kankan ò rí orí ẹja jẹ nílé wa lọ́jọ́ náà.